Àwọn Apẹ̀tù Inú Ẹ̀jẹ̀

Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́ Màmá ti pọ́n. Àwẹ̀ró, ìyàwó ọmọ rẹ̀, rí i kí ẹ̀rọ ara ògiri tó figbe ta. Láàárọ̀ tí ìyá náà dé ilé ìwòsàn, funfun báláú ni ìlẹ̀kẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó jí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dìde, ó yí sí àwọ̀ iyeyè, gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì sì pàtẹ́wọ́, nítorí iyeyè túmọ̀ sí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ti bọ́ sójú ogun. Ṣùgbọ́n pípọ́n kò sí nínú ohun tí ẹnikẹ́ni ń retí.

"Dókítà!" Àwẹ̀ró ti dìde. "Dókítà Ọ̀ṣúnlànà! Ẹ gbà mí o!"

Ọkùnrin náà sáré wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ náà, àwòrán ọkàn Màmá sì yọ lókè ibùsùn, ó tóbi tó ìbẹ́pẹ, ó ń lù kìkì. Iná wẹ́wẹ́ pupa ṣù bò ó bí eṣinṣin ṣe ń bo èso tó ti jábọ́.

"Kí ni ìwọ̀nyẹn ń ṣe lára ọkàn wọn?"

"Àwọn apani ni," ni Dókítà wí. Kò gbójú kúrò lára àwòrán náà. "Ẹ̀ṣọ́ Màmá fúnra wọn ni. Wọ́n ti pa ibà náà tán, wọn ò sì fẹ́ padà sílé."

Ibà eléérú ni ibà náà. Bó bá mú ènìyàn, ara onítọ̀hún á funfun bí eérú ààrò, èémí á sì máa wúwo títí yóò fi tán. Ó ti ṣọṣẹ́ nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, ó lọ, àwọn ènìyàn sì gbàgbé rẹ̀. Òjò ọdún yìí ló tún gbé e dé sí àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà. Òfin ìlú lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gùn: ẹ̀jẹ̀ tó bá rántí ni yóò kọ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò mọ̀. Nínú gbogbo Ẹ̀pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì rántí ibà eléérú. Àwọn yòókù tó ṣẹ́gun rẹ̀ nígbà náà ti di ará ọ̀run.

Bẹ́ẹ̀ òfin kan náà ló ní wọn kò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn ìránṣẹ́ ilé ìwòsàn wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, wọ́n mu omi, wọ́n yin ilé, wọn ò lè la ẹnu béèrè. Màmá ló dá wọn lóhùn ohun tí wọn ò bi í. Ó ní kí Àwẹ̀ró lọ tú ọkọ̀ ojú omi.

"Màmá, ẹ ti dàgbà," ni Àwẹ̀ró wí fún un lórí omi. Ẹja ni Àwẹ̀ró ń sìn, nínú àwọn àgò ńláńlá tó léfòó lójú ọ̀sà, kò sì sí ojú omi tí kò mọ̀. "Òfin ò ní kí ẹ lọ."

"Òfin ò ní kí n dúpẹ́ náà. Ṣé kí n má dúpẹ́ ni?" Ìyá náà di gèlè rẹ̀ mọ́ orí nítorí afẹ́fẹ́. "Nígbà tí nǹkan yẹn mú mi, wọ́n ti ra pósí mi. Ẹnì kan tó ti yè é fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ta ni mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Wa ọkọ̀, jàre."

Ohun tí wọ́n ṣe fún un kò le. Wọ́n fi ègé kékeré kan lára ibà náà han ara rẹ̀, òkú ègé tí kò lè pa eèrà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní akígbe rí i, wọ́n sì kígbe jákèjádò ara. Igbe wọn jí àwọn oníyè, àwọn tó ti ń sùn láti ìgbà èwe Màmá pẹ̀lú àwòrán ojú ọ̀tá lọ́kàn wọn. Àwọn oníyè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, wọ́n ń bí apani, apani ń pọ̀. Ẹ̀rọ fa díẹ̀ nínú wọn, ó kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀, ó sì rán ẹ̀kọ́ náà wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tó wà nísàlẹ̀, ó gé e mọ́ ara ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ọ̀sán, aláìsàn kan tí wọ́n ti kà mọ́ òkú ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ. Ariwo ayọ̀ dé òkè. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi àkàrà sí i fún un.

Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Ọkàn kì í ṣe ibà," ni Àwẹ̀ró wí. "Kí ni wọ́n wá débẹ̀?"

"Ojú ibà yẹn jọ ojú nǹkan kan lára ẹran ọkàn. Ẹni tó ń bínú kì í wo ojú lẹ́ẹ̀mejì."

"Ṣebí ibà yìí mú Màmá rí! Kí ló dé tí àwọn apani ò ṣe ọkàn wọn báyìí nígbà náà?"

Dókítà Ọ̀ṣúnlànà fi ìka kan àyà ara rẹ̀. "Ẹ̀yìn egungun ibí yìí ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán gbogbo wọn wò kí wọ́n tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí kò lè dá ọ̀tá mọ̀, wọn á pa á rẹ́. Èyí tó ń bá ará ilé jà, wọn á pa á rẹ́, àfi díẹ̀ nínú wọn tí wọ́n máa ń sọ di apẹ̀tù. Iṣẹ́ apẹ̀tù ni kó máa sọ fún àwọn yòókù pé ó tó, ogun ti tán. Ọmọdé ni Màmá nígbà tí ibà mú wọn, apẹ̀tù kún inú wọn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dàgbà ni ilé ẹ̀kọ́ yẹn ń wó. Ti Màmá ti di ọ̀rá. Ó ti rẹ ìwọ̀nba apẹ̀tù tó kù fún wọn, wọn ò sì lè pẹ̀tù sí ogun tó tó báyìí."

"Ẹ fún wọn lóògùn tí yóò pa àwọn apani náà, kó tán."

"Bí mo bá pa gbogbo wọn, ta ni yóò ṣọ́ ilé? Ọ̀fìnkìn lásán á gbé Màmá lọ. Apẹ̀tù ni mo ń wá."

"Ẹ fa tèmi." Àwẹ̀ró ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ìyàwó ọmọ wọn ni yín, ẹ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wọn. Ara wọn á lé tiyín jáde."

Àwọn méjèèjì ń wo ibì kan náà: òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìka Àwẹ̀ró, tó ń tàn yanranyanran.

"Ìwọ́ Ìfẹ́sọ," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́. "Ọmọ yín ni, ọmọ ọmọ wọn sì ni. N kò lè ní kí ẹ ṣe é. Mo kàn ń sọ ohun tó wà."

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú náà tí wọn kì í fa ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ rẹ̀ pa mọ́ sínú ilé òtútù. Ẹ̀jẹ̀ tuntun ni, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò tíì bínú sí ẹnikẹ́ni rí, wọ́n sì lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó bá wù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ṣeé lò. Bí àrùn ẹ̀jẹ̀ bá mú ọmọ náà lọ́la, òun ni wọn yóò fi tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ìyá ọmọ ló ń wọ òrùka. Bó bá fọ́ ọ, ilé òtútù á ṣí, òrùka mìíràn kò sì sí. Ìyá lè fọ́ ọ nítorí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bi ọmọ léèrè kó tó ṣe é, kí ojú má baà ti ọmọ láti kọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá pé méjìdínlógún, ìyá yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò sì wí tẹnu rẹ̀. Ìfẹ́sọ kò tíì pé. Ó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìgbájọ, bóyá ó ń ṣeré lọ́wọ́.

"Àwẹ̀ró."

Màmá ti la ojú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Má fọ́ òrùka yẹn."

"Màmá, ẹ sinmi ná."

"Ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi kì í tiẹ̀ ṣe ọmọ. Mo ti jẹun ayé, mo yó. Òní yìí tí mo wà láàyè dé, ọpẹ́ ló yẹ kí n máa dá." Ó mí, ó tún mí. "Ìwọ ló mọ ohun tó pa Àtinúkẹ́."

Orúkọ yẹn wọ Àwẹ̀ró lára bí abẹ́rẹ́. Àtinúkẹ́ ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀. Àrùn ẹ̀jẹ̀ ló pa á, nígbà tí abúlé wọn kò tíì ní ilé òtútù. Àwọn oníṣègùn ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀lé ìdílé. Nítorí rẹ̀ ni Àwẹ̀ró kì í bọ́ òrùka náà, kódà bó bá ń fọ àwọ̀n. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ ju Màmá lọ, nítorí òun ló máa ń rán an létí kó máa wò ó bóyá ó ṣì le lọ́wọ́.

Àwẹ̀ró jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òòrùn ọ̀sán ń tàn lórí ọ̀sà, àwọn ọkọ̀ ojú omi ń lọ wọ́n ń bọ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ayé kò dúró.

Ó rántí ọdún tí Ṣówándé, ọkọ rẹ̀, kú. Ìjì ló bá a lójú òkun, kò fi òkú sílẹ̀ fún wọn. Ìfẹ́sọ ṣì ń mu ọmú nígbà náà. Àwọn ará ilé ọkọ ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú léwe kò ní pẹ́ kó ẹrù rẹ̀. Ìbànújẹ́ mú omi ọyàn Àwẹ̀ró gbẹ. Màmá, tó jẹ́ pé ọmọ òun gan-an ló kú, kò sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí yàrá Àwẹ̀ró, ó ń po wàrà fún ọmọ, ó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ẹ̀yìn ìyá ọmọ, ó sì ń sunkún nígbà tó bá rò pé wọ́n ti sùn. Nígbà tí Àwẹ̀ró fẹ́ ta àwọn àgò ẹja, Màmá bá a wọ inú omi dé àyà, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ẹrù kíkó.

Ẹnì kan ń gòkè àtẹ̀gùn. Obìnrin kan ni, ọjọ́ orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti Àwẹ̀ró, eruku ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ìyá tó fún wọn lẹ́jẹ̀ wà? Ọkọ mi la ojú. Ó pe orúkọ mi." Kí Àwẹ̀ró tó dáhùn, ó ti kúnlẹ̀. "Bí wọ́n bá ń sùn, ẹ má jí wọn. Ẹ kàn bá mi sọ pé ìyàwó ọkùnrin tó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ ní kí wọ́n pẹ́ fún wa. Kí wọ́n pẹ́ o."

"Wọ́n á gbọ́," ni Àwẹ̀ró wí. Ó fa obìnrin náà dìde, obìnrin náà sì sáré padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Àwẹ̀ró fara ti ògiri. Ó ń ro ọjọ́ tí Ìfẹ́sọ yóò pé méjìdínlógún. Ó gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lọ́kàn, lọ́nà méjèèjì. Ó ní: Ìfẹ́sọ, mo mú ohun tó jẹ́ tìrẹ, mo fi gba Màmá là, mi ò sì ní nǹkan kan láti fi dí i fún ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn korò, ṣùgbọ́n ó parí. Ó bẹ̀rẹ̀ èkejì: Ìfẹ́sọ, ìpín rẹ wà níbẹ̀ digbí, Màmá wà lórí ibùsùn, mo ń wò ó, mo sì... Kò rí òpin gbólóhùn náà. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, kò tún rí i.

Ó padà wọlé.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. N kò ní gbọ́ tiyín lónìí."

"Àwẹ̀ró!"

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yín? Ẹ jẹ́ kí n kọ ti òní."

Ó bọ́ òrùka náà, ó sì fi ìka méjì ṣẹ́ ẹ. Ó rò pé yóò dún. Kò dún rárá. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kú, ó di wáyà lásán lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà fa àga sún mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi gbé ìgò kékeré kan wá láti ilé òtútù, èéfín funfun ń rú lára rẹ̀. Wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni ẹ̀rọ náà fi ń kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ìpẹ̀tù, ó sì ń fi ojú ọkàn Màmá hàn wọ́n kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Màmá di ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, ó dì í mú ṣinṣin, Àwẹ̀ró kò sì mọ̀ bóyá ìbínú ló fi dì í ni tàbí ìrora.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fún un. Iná wẹ́wẹ́ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín àwọn pupa. Àwẹ̀ró ń retí kí wọ́n kọlu ara wọn. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Funfun kan á lọ dúró ti pupa kan, á dúró, á dúró, pupa náà á sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n yí iná rẹ̀ wálẹ̀.

"Wọn ò pa wọ́n?"

"Rárá," ni Dókítà wí. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ọmọ iléèwé. "Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n ni."

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ padà sí àwọ̀ iyeyè, Dókítà gbójú sókè, ó ní kí Àwẹ̀ró má tíì yọ̀ jù. Àpá ti wà lára ọkàn náà. Màmá kò ní lè wọ inú omi mọ́, kò sì ní lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi. Àwẹ̀ró gbọ́, ó sì bú sẹ́kún, ó ń sọ pé "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun" títí Dókítà fi ní kó lọ wẹ ojú.

Màmá la ojú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wo àjà ilé fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló ń bọ́ ẹja?" ni ohun àkọ́kọ́ tó béèrè.

Ìfẹ́sọ dé ní ọ̀sán, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ilé ẹ̀kọ́ wọn ló gbé e wá. Àwẹ̀ró lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òfin fún un láyè láti dúró títí ọmọ yóò fi pé méjìdínlógún, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, lójú ọ̀nà, báàgì ọmọ náà ṣì wà léjìká rẹ̀.

Ìfẹ́sọ wo ìka ìyá rẹ̀ tó ṣófo.

"Ẹ ò bi mí, Mọ́mì."

"Òfin ò gbà á."

"Mo mọ̀. Wọ́n kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí." Ó yí ojú sí ọ̀sà. "Bó bá jẹ́ pé ohun tó mú Àǹtí Àtinúkẹ́ mú èmi náà ńkọ́?"

"N kò mọ̀." Àwẹ̀ró kò wá irọ́ kankan. "N kò mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Yóò máa bà mí."

Ìfẹ́sọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ọmọ tó ga ni, ó ní èjìká Ṣówándé.

"Ṣé Màmá ń jẹun?"

"Wọ́n jẹ díẹ̀."

"Ṣé wọ́n fi ata sí i? Ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ nǹkan tí kò ta."

"Dókítà ò tíì fọwọ́ sí ata."

"Wọn ò ní jẹun, nìyẹn," ni Ìfẹ́sọ wí. Ó ju báàgì sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Àwẹ̀ró bá a ní ẹnu yàrá. Màmá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ́nà jínjìn, ó sì ti ti aṣọ ìbora sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó di irin ibùsùn mú, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn, orúnkún kan, lẹ́yìn náà èkejì.

"Ìfẹ́sọ, ìyá mi," ni Màmá wí. "O ṣeun. O kú inúure. Ẹni tó fún mi lẹ́jẹ̀ nígbà èwe, n kò rí ojú rẹ̀ títí mo fi darúgbó. Ìwọ, mo rí ọ. Olúwa ṣeun tí mo rí ọ."

"Háà! Màmá! Ẹ dìde! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Ìfẹ́sọ ti ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Bó ṣe rí i pé ojú àwọn dọ́gba, ó tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ẹ̀rín àti ẹkún dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo ń kúnlẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi! Mọ́mì, ẹ bá mi gbé wọn dìde!"

Àwẹ̀ró wo àwọn méjèèjì. Ó fẹ́ lọ gbé wọn. Ó gbé báàgì náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi ọwọ́ kan gbá Màmá mọ́ra, ó fi ọwọ́ kejì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Ọ̀ṣúnlànà ṣe wọlé bá wọn. Ó béèrè pé ta ló ní kí aláìsàn òun kúrò lórí ibùsùn. Màmá ní òun kò ní ṣáájú ọmọ náà dìde. Ìfẹ́sọ ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé àgbà ló ń kọ́kọ́ dìde. Àwẹ̀ró gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé èjìká Màmá, níbi tó ti ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn jà.